Ìfúnpá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀n

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi. Páálí tó ti ṣá ni, wọ́n fa ìlà sí i ní òró àti ní ìbú. Níbi tó yẹ kí ìfúnpá wà, bíírò búlúù kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin síbẹ̀ nígbà mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan díẹ̀ nípa ara ènìyàn mọ̀ pé ara aboyún kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ ohun tí ara sọ. Ihò òfìfo ni wọ́n ń dí.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé mo wà níbẹ̀, àti nítorí pé ọwọ́ tèmi náà wà nínú rẹ̀.

Sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Mo ti parí yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì jókòó sílé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mò ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń dá èsì rẹ̀ padà. Ìjọba ń lé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò, ta ni yóò wá gba tuntun? Àsìkò yìí ni olùkọ́ kan tó kọ́ mi ní yunifásítì ránṣẹ́ pè mí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí ìtọ́jú ṣe lè dára sí i ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, àwọn tó sún mọ́ ará ìlú jù lọ, níbi tí a ti ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí aboyún sì ti ń gba káàdì. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ṣe ìwádìí orí ìwé lásán. Àwọn máa fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò, àwọn máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn yóò wò ó bóyá nǹkan yí padà. Èrò tó dára ni. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní. N kò bá èrò yẹn jà.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n fi mí sí wà ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan, bẹ́ǹṣì mẹ́fà, àti igi máńgòrò kan níwájú. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń darí ibẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mátíróònù bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyè yẹn kò sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lára ohun tí ìwádìí wa gbé fún wọn ni ẹ̀rọ ìfúnpá tuntun kan, irú èyí tí wọ́n máa ń wé aṣọ rẹ̀ mọ́ ènìyàn lápá, tí wọ́n á wá máa fún rọ́bà rẹ̀ títí aṣọ náà yóò fi le. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́ kí n tó wọ yunifásítì rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ aboyún. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń lọ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rin. Bí mo bá fi máa dé ní aago mẹ́jọ, àwọn obìnrin á ti to káàdì wọn sórí tábìlì bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra dé, wọ́n á gbé òkúta lé e kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ, wọ́n á sì ti máa kọrin, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Màá jókòó sí igun yàrá, màá wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe, màá sì fi tíìkì sí i. Ṣé wọ́n kí aboyún? Tíìkì. Ṣé wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n? Tíìkì. Ṣé wọ́n kọ ìfúnpá rẹ̀ sínú káàdì? Tíìkì. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi sọ mí lórúkọ.

“Bọ̀ọ̀dá Onítíìkì ti dé o!” Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń ké e láti orí bẹ́ǹṣì. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lọ, ẹ yà sílé mi, kí ẹ fi tíìkì sí ọkọ mi náà.”

“Ọkọ tìẹ dà tí wọ́n fẹ́ fi tíìkì sí?” Èkejì á ti dá a lóhùn. “Ọkọ tí kì í gbélé.”

“Kí wọ́n sáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò bá a nílé. Ìyẹn náà wúlò fún ìjọba.”

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, ikùn wọn á máa mì. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn káàdì àtẹ̀yìnwá ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ojú ibi ìfúnpá sì ṣófo nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Mo kọ ohun tí mo rí. Ọ̀gá mi, olùkọ́ tó gbà mí síṣẹ́, bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Ó gbé káàdì kan sókè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Mà, kí lèyí?”

“Ẹ̀rọ wa ló bàjẹ́, sà,” ni Mátíróònù wí.

“Ó dáa. Ẹ ti ní ẹ̀rọ báyìí. Mi ò fẹ́ rí ihò òfìfo kankan nínú káàdì mọ́. Ihò kọ̀ọ̀kan, máàkì ló ń bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìjọba ìbílẹ̀ sì máa rí èsì yìí o.”

Mo wo ojú Mátíróònù. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lórí rédíò, ọkọ àbúrò rẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rò kó tó ro apá aboyún.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé kan lórí ẹ̀rọ náà dé. Ọ̀gá mi ló kọ ọ́, èmi ni mo mú un lọ fún ìfọwọ́sí. Ó sọ pé ohun èlò ìwádìí ni ẹ̀rọ yìí, pé bó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ẹni tó fọwọ́ síwèé ni yóò wá wí tẹnu rẹ̀. Mátíróònù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó tì í pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé bíi tiwa ní Ìjẹ̀bú mọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn dáadáa. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ màmá mi. Àwo tánganran olódòdó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà yí lẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi jẹ, tí a kì í fi mu, àfi bí àlejò bá dé. Abọ́ páànù la fi ń mu gààrí tiwa. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan àwo àlejò, ẹgba ni. Kò sí ẹni tó rí i bí ìwà ahun. Àpọ́nlé là ń pè é. Ẹ̀rọ ìfúnpá yẹn di àwo àlejò, èmi sì ni àlejò náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bá wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù á ṣí, wọ́n á nu ẹ̀rọ, wọ́n á wé e mọ́ apá gbogbo ẹni tó bá wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò ní bẹ́líìtì.

N kò mọ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti ti ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú náà. Aránṣọ ni. Ọdún mẹ́fà ló lò nílé ọkọ kí oyún tó dúró sí i lára. Nígbà tó fẹ́ gba káàdì, mo sọ fún un pé kó má wá ní ọ̀sẹ̀ tèmi.

“Kí ló dé?” ó bi mí. “Ṣé mò ń tì ọ́ lójú ni?”

“Rárá, Àǹtí. Òfin ìwádìí ni. Wọn ò gbà kí n máa wo ẹbí mi, kí n má bàa ṣe ojúsàájú.”

“Ìwé tí o kà yìí ti pọ̀ jù lórí rẹ. Àwọn ẹlòmíì ń wá ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ọsibítù, wọn ò rí. Èmi ní àbúrò níbẹ̀, ó ní kí n má wá.”

“Ìtọ́jú kan náà ni wọ́n máa fún yín.”

“Mo ti gbọ́, sà. Màá máa lọ lọ́sẹ̀ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀.” Ó fi ‘ẹ’ àti ‘sà’ yẹn gún mi lára, ó sì rẹ́rìn-ín.

Òfin yẹn mọ́gbọ́n wá. Mo tẹ̀ lé e.

Ní nǹkan bí ìbẹ̀wò kẹrin ni mo rí ohun kan nínú rẹ́jísítà, ìwé ńlá tí wọ́n ń da ohun tó wà nínú gbogbo káàdì kọ sí. Àwọn aboyún tó ń wá ní ọ̀sẹ̀ tèmi ní ìfúnpá tó ń gòkè díẹ̀, tó ń sọ̀ díẹ̀, bí ti ènìyàn. Àwọn tó ń wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọgọ́fà lórí ọgọ́rin ni gbogbo wọn, ẹni tó sanra, ẹni tó tínínrín, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún àti ẹni tó ti fẹ́ bí. Fọ́ọ̀mù mi kò ní ibi tí mo lè kọ irú èyí sí. Ohun tó béèrè ni bóyá wọ́n kọ ìfúnpá sí káàdì, wọ́n sì ti kọ ọ́. Mo fi tíìkì sí i. Mo wá yí ìwé náà padà, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé àwọn nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kejì jọra jù, kí wọ́n jọ̀ọ́ wò ó. Mo kọ déètì sí i, mo fọwọ́ sí i. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀wò tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ọ̀gá mi.

“Ẹ̀yìn ìwé kẹ̀?” ó ní. “Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kì í wo ẹ̀yìn ìwé. Ohun tó bá wà nínú àpótí tí a yà sí iwájú ni kọ̀ǹpútà mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká yọ sí wọn lọ́sẹ̀ tí wọn ò retí wa, sà.”

“Kò sí nínú ètò. Tá a bá yí ètò padà láàárín ìwádìí, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Mo gbà. Ó yẹ kí n sọ ọ́ kó hàn gbangba: mo gbà. Mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ kì í lo ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo lè wọ̀ ọ́ fúnra mi. N kò wọ̀ ọ́, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n tún pè mí fún ìwádìí mìíràn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó se ìkọ́kọ́rẹ́ fún wa. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Mo rí i pé ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú.

“Àǹtí, ṣé wọ́n máa ń wé aṣọ mọ́ yín lápá ní ọsibítù?”

“Aṣọ wo? Wọ́n ń wọ̀n mí, wọ́n ń tẹ̀ mí níkùn, wọ́n ń kọ ọ́ sínú káàdì. Kò sí aṣọ kankan.”

“Bí ẹ bá lọ lọ́túnla, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n yín. Ẹ má kúrò níbẹ̀ tí wọn ò bá wọ̀n yín.”

“Ó dáa, dókítà,” ó wí. Ó bu ìkọ́kọ́rẹ́ kún tèmi.

Ó lọ. Ó sì sọ ọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà, mo sì ní kó tún un sọ kó lè dá mi lójú. Ó sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń kọ káàdì pé orí ń fọ́ òun láti ọjọ́ mẹ́ta, pé bí òun bá wo nǹkan, ó ń ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ kú. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn òun. Òṣìṣẹ́ náà wọlé lọ béèrè. Mátíróònù jáde fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dún nídìí rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì,” ó fi ń ṣeré nítorí bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi, “ẹ̀rọ àwọn yunifásítì nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a máa gbé e jáde. Ẹ lo oògùn ẹ̀fọ́rí yìí, kí ẹ dín iyọ̀ kù, kí ẹ sì lọ sinmi.”

Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ìyẹn ni ìkẹrin.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀, oníbàárà kan tó wá gba búláòsì bá a nílẹ̀ nídìí máṣíìnì, gìrì mú un, eyín rẹ̀ pa dé. Wọ́n gbé e sínú pìjó aládùúgbò, ó di ilé ìwòsàn ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà. Dókítà kan jáde, ó mú káàdì náà lọ́wọ́.

“Ta ló kọ eléyìí?”

“Káàdì ìyàwó mi ni, dókítà,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

“Mo mọ̀ pé tiwọn ni. Ẹni tó kọ ọ́ ni mò ń béèrè. Ìfúnpá wọn ti kọjá ọgọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ wú, ojú wú. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta lèyí fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọgọ́fà lórí ọgọ́rin?” Ó kọjú sí mi. “Ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?”

Mo ní mo mọ̀.

Wọ́n gba ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi là. Ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde. Obìnrin ni. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ojú ìyá rẹ̀ tó tún lè rí ihò abẹ́rẹ́.

Mo padà sí ilé ìwòsàn kékeré náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó jẹ́ tèmi. N kò mú fọ́ọ̀mù lọ. Ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti nù ún. Mátíróònù ti gbọ́. Ó ní kí n jókòó, n kò jókòó, mo na káàdì ẹ̀gbọ́n mi sí i.

“Mà, ta ló kọ èyí?”

Kò tilẹ̀ díbọ́n. “Èmi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ wọn òun.”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ gbé ìwé wá fún mi tí mo fọwọ́ sí. Ọ̀gá yín ló ní òun ò fẹ́ rí ihò òfìfo. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mò ń wọ̀n wọ́n. Bóyá mò ń kọ ọ́ lẹ ń béèrè. Mo sì ń kọ ọ́.”

“Ọdún mélòó lẹ ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, mà?”

“Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì. Bí rọ́bà ẹ̀rọ yẹn bá já ńkọ́? Wọ́n á ka orúkọ mi lórí rédíò.”

N kò bá a sunkún. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó láti mọ ohun tí ẹ̀fọ́rí aboyún ń sọ. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ìwé wa, n kò rí i.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngàn kan láti gbọ́ èsì ìwádìí. Ọ̀gá mi kà á jáde. Ilé ìwòsàn náà wà lára àwọn tí ìtọ́jú wọn dára sí i jù lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé kò sí ihò òfìfo nínú àkọsílẹ̀ wọn mọ́. Àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ́jísítà tí wọ́n kà. Òun náà wà lára àwọn tí nǹkan dára fún. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò ké, n kò bú ẹnikẹ́ni.

“A bá ẹbí yín kẹ́dùn,” ni ọ̀gá mi wí. “Ṣùgbọ́n ìwádìí kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan ṣoṣo.”

Alága ìpàdé náà ní àkókò ìbéèrè ti parí, kí a lọ jẹ nǹkan.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló padà wá, ó ní àwọn ti rí ìwé mi, àwọn sì ń gbé e yẹ̀ wò. Bí mo bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, kì í béèrè ohun mìíràn kí n tó jókòó. “Kí ni wọ́n sọ?” Mo ní wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Kò fẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò fẹ́ kí wọ́n fún un ní nǹkan. Ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un ìdí tí wọ́n fi kọ̀ láti wé aṣọ mọ́ ọn lápá nígbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè.

Nítorí náà mo ń bi yín. Ẹ̀yin olùkọ́ mi, nígbà tí ẹ ń kọ ìwé tí ẹ fi dẹ́rù ba nọ́ọ̀sì, aboyún wo ló wà lọ́kàn yín? Ta nínú yín ló ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù mi, tí ó sì dé e padà? Ẹ ti mọ̀ báyìí pé irọ́ ni àwọn nọ́ńbà yẹn. Ṣé ẹ ti yọ wọ́n kúrò nínú èsì yín, àbí ẹ ṣì ń kà wọ́n mọ́ àṣeyọrí? Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, àwọn aboyún ọ̀sẹ̀ kejì yòókù ńkọ́, ta ló wá wọn lọ sílé láti wọ̀n wọ́n? Mátíróònù, kí ló ṣòro nínú ṣíṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú márùn-ún?

Ẹ má tún kọ̀wé sí mi pé ẹ ti rí ìwé mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, ó mọ̀wé kà, ẹ sì mọ ilé rẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ èsì sí, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.